Agbẹ́jọ́ Etí Kan Dá

Ọdún méjìlá gbáko ni Alàgbà Adékọ̀yà fi jókòó lórí àga onílàjà nínú Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń gbé ìlú Enugu, kò sì sí ẹjọ́ kan tó dé iwájú rẹ̀ tí wọn kò fi àdúrà parí. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Níbòmíràn, bí tọkọtaya bá gbé ẹjọ́ dé iwájú àgbà, àga á fò, bàtà á fò, ẹnì kan á sì sun téṣàn ọlọ́pàá. Lọ́dọ̀ Alàgbà, ọkọ á sọ tẹnu rẹ̀, ìyàwó á sọ tẹnu rẹ̀, bàbá á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ki ìdérí báírò bọ etí òsì, á máa fi họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá yá, á yọ ìdérí náà, á ní, "Ṣé ẹ gbà?" Wọ́n á dáhùn. Á ní, "Wọ́n ti gbà! Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ó parí nìyẹn.

Bàbá Sùúrù ni wọ́n ń pè é. Obìnrin lè dìde kó fi ìdajì wákàtí da ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i lójú, bàbá kò ní bínú, kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rín ni yóò máa rín. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn á máa wí fún ara wọn pé, ẹ wo àgbà, ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run fún ní ikùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà.

Ìjókòó gbọ̀ngàn wọn ní Achara Layout kò ní ìṣòro: ọkùnrin lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá, obìnrin lọ́wọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Ìdajì ẹgbẹ́ jẹ́ onígbàgbọ́, ìdajì jẹ́ mùsùlùmí, ohun kan ṣoṣo tí wọn kò sì tíì jà lé lórí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni pé kí obìnrin jókòó sọ́tọ̀.

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí Alàgbà parí, ọ̀kan ló gbé sọ́kàn bí ọmọ. Ọdún méje sẹ́yìn ni, ẹjọ́ Súnmọ́lá, tó ń ta sípù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní ọjà Ogbete, àti ọkọ rẹ̀ Adébọ̀wálé, tó ń tún fìríìjì ṣe. Àgbà mẹ́ta ti dá sí i, ó ti sú wọn. Súnmọ́lá ti di ẹrù, ó ti fi orúkọ sílẹ̀ ní gáréèjì fún ọkọ̀ Ìbàdàn. Alàgbà gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìjókòó kan ṣoṣo, wọ́n gbà, wọ́n gbàdúrà, tọkọtaya jọ padà sílé. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n bí ọmọkùnrin, Adébọ̀wálé sì sọ ọ́ ní Adékọ̀yà. Fọ́tò ìkómọ náà wà nínú férémù ní pálọ̀ bàbá, lókè tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé fáìlì láti orí tábìlì kan lọ sórí òmíràn nínú iṣẹ́ ìjọba, tó fẹ̀yìn tì tí wọn kò tún pe orúkọ rẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun náà rí ohun kan tọ́ka sí. Bó bá ti wo fọ́tò yẹn, a máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò wá sáyé lásán.

Ọ̀rọ̀ fáànù ló bà á jẹ́. Khàdíjàh, ọmọbìnrin Ìwó kan tó jẹ́ lọ́yà, tó wá ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Enugu, yá Súnkànmí, àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ní fáànù tí wọ́n ń cháàjì. Fáànù lọ pẹ̀lú ewé mẹ́ta, ó padà pẹ̀lú ewé méjì. Súnkànmí ní atẹ́gùn ṣì ń jáde níbẹ̀, kí àwọn kúkú jọ máa lò ó ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Alàgbà gbọ́ tirẹ̀ tán, ó mi orí, ó yíjú sí òsì.

"Ọmọ mi, ṣé o gbà?"

"Mi ò gbà, sà."

"Ó ti gbà!" Alàgbà ti di ojú. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa tó ni atẹ́gùn, tó ń fẹ́ ẹ síbi tó wù ú..."

"Bàbá, mo ní mi ò gbà!"

"Àmín," ni àwọn ará ẹ̀yìn dáhùn.

"Ẹ dákun, ẹ dá àmín yẹn dúró ná!"

Ọmọ Yorùbá kan ti dá àdúrà àgbà dúró lójú ẹgbẹ́, ilẹ̀ kò sì lanu. Khàdíjàh dìde, ó wá dúró síwájú bàbá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun àgùnbánirọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ gbọ́ pé mo sọ?"

"O ní 'mo gbà'."

"Mo ní 'mi ò gbà'."

Ẹ̀yin náà ẹ pe méjèèjì wò. *Mo gbà. Mi ò gbà.* Èémí kan péré ló wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ayé wà. Khàdíjàh kọjá sí ọ̀tún, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, Alàgbà ta gìrì. Ó padà sí òsì, ó ní, "Bàbá, etí yín ti di o." Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi, wàá rí tìẹ náà gbà."

Lọ́yà ni lọ́yà ń jẹ́. Ọmọbìnrin náà kọjú sí gbogbo ilé. "Ẹ̀yin àgbà lẹ ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni bàbá ń gbọ́. Láti ìgbà wo?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá, gbé orí sókè nínú ìwé ìpàdé. Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn bí kí nǹkan bàjẹ́ ní ọ̀nà tó bá òfin mu. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ìbéèrè ńlá nìyẹn. Ó ní bí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ́ òṣìkà, ẹni tó fi etí kan ṣoṣo gbọ́ ti ẹni méjì ńkọ́? Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ìdajì òṣìkà ni. Wọ́n jiyàn lé e lórí fún wákàtí kan, wọ́n sì dìbò: Alàgbà yóò lọ rí dókítà etí, yóò mú ìwé wá, ìwé náà yóò sọ irú ohun tó ṣe etí, yóò sì sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ tó bá bọ́ sí àárín ọjọ́ náà sí òní, wọn yóò tún un gbọ́.

Alàgbà délé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀, Olúbísí. Olúbísí kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ṣé o ò mọ̀ ni?" ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Bí mo bá fẹ́ kí o ṣe nǹkan fún mi, ọ̀tún ni mo máa ń dúró. Bí mo bá fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi, màá bọ́ sí òsì."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́. Òsì ni mo wà nígbà tí mo sọ ọ́."

Dókítà Lilian ni dókítà etí náà, obìnrin Igbo kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ìyàndá tẹ̀lé Alàgbà wọlé pẹ̀lú ìwé ìpàdé lábẹ́ apá. Ó ní ẹgbẹ́ ló rán òun. Dókítà fi ẹ̀rọ kékeré tó ní iná lẹ́nu yẹ etí ọ̀tún wò, ó ní kò burú. Ó ti ẹ̀rọ náà bọ òsì, kò wọlé. Ó pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún ọmọ ọwọ́, agbára káká ló fi wọlé.

"Papa! E remain small make this door lock finish. Wetin you dey put inside?"

Kí Alàgbà tó lanu, Ìyàndá ti dáhùn. "Biro cover. Twelve years I dey watch am."

"You work for mine? Loud noise?"

"My father na clerk for Iva Valley coal mine," ni Alàgbà wí pẹ̀lú ìyì. "The only noise na to open book."

Dókítà ya àwòrán rẹ̀ fún wọn: òbìrìkìtì ńlá kan, pé báyìí ló ṣe yẹ kí ihò etí rí, òmíràn nínú rẹ̀ tí kò ju orí ìṣáná lọ, pé ti bàbá nìyí. Ìdérí báírò ń họ ọ́, ó ń di egbò, egbò ń jinná, ibi tó jinná ń nípọn, ibi tó nípọn ń yún, bàbá á tún gbé báírò. Ohun tó wà lẹ́yìn, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gan-an, kò bàjẹ́. Ọ̀nà tó já síbẹ̀ ló fún. Alàgbà gbọ́ èyí, ó sì rò ó lọ́kàn pé iye ẹjọ́ tí òun gbọ́ ló dí òun létí.

Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan tí ohùn kì í wọ̀, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì kan: bó bá gbọ́ ìró, kó tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, láìsinmi, ó ń rẹ́rìn-ín sí dókítà láti inú gíláàsì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, dókítà ṣílẹ̀kùn.

"Papa, I never play anything."

"I know," ni Alàgbà wí.

"So why you dey press?"

Ó ṣàlàyé pé òun rí i tí dókítà ń wo òun, pé kò bójú mu kí ènìyàn máa wo èèyàn kí olúwa rẹ̀ má dáhùn. Ohun tó ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn, ọ̀rọ̀ kò gba etí wọlé, ó ń fi orí dá a lóhùn. Dókítà ní kó dijú. Nígbà tó dijú tán, etí òsì kò tẹ bọ́tìnnì mọ́ àfi ìgbà tí ìró náà pọ̀ tó ariwo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀, ó sì fi hàn pé ẹran líle ló dí ọ̀nà náà, kò dé inú lọ́hùn-ún. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa ṣí i.

Ó ku àkọsílẹ̀. Dókítà ń kọ, Ìyàndá náà ń kọ. Dókítà kọ "etí òsì", Ìyàndá ní kó fa ìlà sí i nídìí, kí ẹnì kankan má bàa sọ pé ọ̀tún ni. Dókítà fà á. Ìyàndá ní ó ku ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà wò ó bí ẹni wo wèrè tó mọ ìwé, ó ní ẹnu aláìsàn lòun ti máa gbọ́ ìyẹn. Ó yíjú sí Alàgbà.

"Papa, this ear bring water before?"

Alàgbà rántí. Kò tilẹ̀ pẹ́ kó tó rántí. Òjò ọdún kẹjọ sẹ́yìn ni. Etí náà ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ki òwú bọ̀ ọ́, ó ń fín lọ́fínńdà sórí òwú kí wọ́n má bàa gbóòórùn rẹ̀ nípàdé. Ó gbẹ, láti ìgbà náà ni gbogbo nǹkan sì ti dákẹ́ lápá òsì, tó ń rò pé ayé ló ń ní ìfarabalẹ̀. Ọdún kẹjọ. Ẹjọ́ Súnmọ́lá jẹ́ ọdún méje. Súnmọ́lá sì jókòó sí òsì. Alàgbà rí fọ́tò orí tẹlifíṣọ̀n lójú ọkàn rẹ̀, ó rí ọwọ́ tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Six years," ló wí. "Na six. E no reach seven at all."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nípa méje. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ṣe sọ, ọdún mẹ́fà. Ìyàndá da ọ̀rọ̀ náà kọ, ó ní kí dókítà lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí òǹtẹ̀ náà títí tó fi gbẹ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Ìyàndá fẹ́ wọlé láti kọ bó ṣe ń lọ, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Evelyn sì tì í síta. Wọ́n kun Alàgbà lóorun, wọ́n gé ẹran líle yẹn kúrò, wọ́n fá egungun etí ihò náà díẹ̀ kó lè fẹ̀, wọ́n bu awọ tín-ín-rín lẹ́yìn etí rẹ̀, wọ́n fi tẹ́ inú ihò tuntun náà bí ẹni tẹ́ ilé. Wọ́n wá fi bándéèjì tí wọ́n rẹ sínú oògùn kì í, kó má bàa tún padà dí. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn yóò fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní bí òun bá rí báírò lọ́wọ́ bàbá, òun yóò dá a padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà gùn. Ìyàndá ń wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwé ìpàdé. Láti ọdún mẹ́fà, ẹjọ́ mẹ́tàlélógún ni obìnrin wà nínú rẹ̀, ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni Ìyàndá fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *Ìyàwó gbà.* Mẹ́tàlélógún, kò sí ọ̀kan tó kọ̀. "Ó yẹ kí n ti fura," ni Ìyàndá wí. "Obìnrin mẹ́tàlélógún!" Ó fa ìlà pupa síbi tí ọdún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ tó wà lókè ìlà náà gan-an, bí ìka kan sí i, ni ti Súnmọ́lá. Alàgbà wo ìlà náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá jókòó ní pálọ̀, àga tó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n ló ń jókòó lé.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ bándéèjì tó kẹ́yìn, dókítà tún un dán wò nínú yàrá kékeré yẹn, etí òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀tún dọ́gba. Alàgbà jáde sí títì, ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Kẹ̀kẹ́ wà lápá òsì ayé! Ó ti rò pé ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọmọ ń ké níbẹ̀, wọ́n ń ta búrẹ́dì níbẹ̀, ẹnì kan ń fi Igbo bú ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ayọ̀. Ó délé, ó jókòó. Olúbísí gba apá òsì kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe: "Ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́fà. Ta ló bá a fọ ìrọ̀rí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún sí lọ́dún kẹjọ sẹ́yìn?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Alàgbà wí.

Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ìjókòó àtúngbọ́ wáyé ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Nínú lẹ́tà mẹ́tàlélógún tí Ìyàndá kọ, èsì mẹ́rin ló wá. Obìnrin kan dá lẹ́tà tirẹ̀ padà, ó kọ "NÍSINSÌNYÍ?" gàdàgbà sórí rẹ̀. Tọkọtaya kan tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ láti ọdún márùn-ún jọ wá sọ pé àwọn méjèèjì kò gbà nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Súnkànmí ra fáànù tuntun fún Khàdíjàh. Ó ń lọ wẹ́rẹ́. Alàgbà ń mí dáadáa.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí tí Súnmọ́lá wọlé, tòun ti Adébọ̀wálé àti ọmọkùnrin wọn. Ẹgbẹ́ kò kọ lẹ́tà sí Súnmọ́lá; ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ogbete.

"Dára, wá jókòó síbí," ni Súnmọ́lá wí.

Alàgbà wò yí ká láti mọ ẹni tó ń jẹ́ Dára. Ọmọkùnrin náà ló lọ jókòó. Alàgbà máa ń jẹun níbi ọjọ́ ìbí ọmọ yìí lọ́dọọdún, lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ni ìyá ọmọ sì máa ń jókòó, kò gbọ́ ọ rí pé ìyá rẹ̀ kò pè é ní Adékọ̀yà.

Ìyàndá yẹ ìwé wò. "Ìyáàfin, ẹ kò sí nínú àwọn tí a ń gbọ́. Ẹjọ́ yín ti lé ní ọdún mẹ́fà."

"Mo mọ̀. Ọdún méje ni. Mo sì wá sọ pé mi ò gbà lọ́jọ́ náà."

"Kò ṣeé ṣe. Ìwé dókítà wà níbí, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, etí bàbá ṣì là." Ó kà á jáde fún gbogbo ilé.

Súnmọ́lá yíjú sí Alàgbà, ó sì ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Etí yín là? Bàbá, ẹ̀yin gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?"

Ohun tí Alàgbà kò rò nìyí. Ó ti fi ìwé yẹn ṣe apata, kò mọ̀ pé ó ní ojú kejì. Bí etí bá là, a jẹ́ pé ó gbọ́ tí obìnrin náà ní òun ò gbà, ó sì dijú, ó pè é ní gbígbà lójú Ọlọ́run. Kì í ṣe ìdajì òṣìkà nìyẹn mọ́, odindi ni. Bí etí bá sì ti di, fọ́tò á sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Sùúrù kò jẹ́ nǹkan kan ju àgbàlagbà kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò gbọ́ lọ. Ó wo Olúbísí níbi tó jókòó láàárín àwọn obìnrin. Olúbísí ń wo ilẹ̀.

"Mi ò gbọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde.

Ìyàndá ń kọ ọ́. "Bàbá ní 'mo gbọ́'."

"Mo ní mi ò gbọ́!" Alàgbà ti dìde. "Irọ́ ni mo pa fún dókítà. Òjò ọdún kẹjọ sẹ́yìn ni etí yìí ti ṣọyún. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu obìnrin yìí lọ́jọ́ náà, mo kàn rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì."

Ilé dàrú. Nínú ariwo náà, Adébọ̀wálé kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. "O ò gbà?"

"Mi ò gbà."

"Ṣùgbọ́n o bá mi lọ sílé."

"Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣe àmín. Ìwọ alára ń sunkún lójú ọ̀nà, o ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó pé, mo fún ọ ní òmíràn."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mo ṣì ń fún ọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adébọ̀wálé kò rẹ́rìn-ín. Ìyàndá kan tábìlì, ó bèèrè bóyá ohun tí ìyáàfin ń béèrè ni pé kí ẹgbẹ́ tú ìgbéyàwó náà ká.

"Ta ló ní kí ẹ tú nǹkan ká?" Inú ń bí Súnmọ́lá wàyí. "Ilé mi ni. Èmi ni mo tún un ṣe, èmi pẹ̀lú ọkùnrin yìí, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìwé yín ni mo bá wá. Ẹ pa 'Ìyàwó gbà' yẹn rẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ìyàwó kò gbà, pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé. Kí ẹnì kankan má tún fi mí yangàn."

Ìyàndá ní ìwé ìpàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí kò ṣeé yí padà, pé òfin wà. Alàgbà fa ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba báírò. Ó wá ojú ewé náà rí, ó fa ìlà kọjá lórí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ó sì kọ ohun tí obìnrin náà ní kí wọ́n kọ, láìku ọ̀rọ̀ kan. Ó dà bíi pé fọ́tò yẹn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, kò jókòó. "Súnmọ́lá, ọmọ mi, ìdajì wákàtí lo fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí lo sọ?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

"Mo bẹ̀ ọ́."

Súnmọ́lá wo ọkọ rẹ̀. Adébọ̀wálé tẹ orí ba, ó mi orí pé kó sọ ọ́. Súnmọ́lá ní kí Dára lọ ṣeré níta. Ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ bàbá lápá òsì, kò sì gbé ohùn sókè.

"Mo sọ fún yín pé oyún oṣù márùn-ún bàjẹ́ lára mi. Mo sọ pé mo dá wà ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi kò yọjú, ó ní iṣẹ́ fìríìjì kan ló gbé òun lọ sí Nsukka. Mo sọ pé obìnrin ni, pé mo ti sọ ọ́ lórúkọ nínú ara mi kó tó lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn, Bàbá, ẹ mi orí, ẹ sì rẹ́rìn-ín sí mi."

Adébọ̀wálé ti fi ọwọ́ bojú. Alàgbà Adékọ̀yà kò mi orí. Ó tẹ̀ síwájú títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu obìnrin náà.

"Kí lorúkọ tí o sọ ọ́?"

Súnmọ́lá sọ orúkọ náà fún un wúyẹ́wúyẹ́, ó sì gbọ́ ọ.